Ìgò Omi Òkun Kan

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni mo dé Ògìdì,
ẹ̀yìn mi gan bí pákó ọkọ̀ apẹja,
erùpẹ̀ pupa ti kun bàtà mi láti Òmùò.
Obìnrin kan tó ru igi kọjá lára mi,
ó ní, "Òkun o."
Mo bojú wẹ̀yìn.
Ọmọ Àgbádárìgì ni mí: bí wọ́n bá ti ní òkun,
ojú mi a wá ọkọ̀, ẹsẹ̀ mi a wá ibi gíga.
Òkè ni mo rí. Òkúta lórí òkúta,
ewúrẹ́ kan dúró ṣónṣó lórí èyí tó ga jù
bí ẹni tí ń retí ọkọ̀ tí kò ní í gúnlẹ̀.
Ọmọkùnrin kan tún kọjá: "Òkun o."
Ọlọ́runtọ́ba tó mú mi wá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.
"Ìkíni wa ni. Dáhùn, kí wọ́n má pè ọ́ ní agbéraga."
Mo ní, "Òkun o,"
ó sì ṣe mí bí ẹni tó pe orúkọ ìyá rẹ̀ nílé onílé.

Ìgò kan wà nínú àpò mi,
omi òkun, mo bu ú kí àwọn apẹja tó da àwọ̀n.
Ìyá Ọlọ́runtọ́ba ló ránṣẹ́ sí i.
Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ló ti ń fi òkun kí ènìyàn,
kò fojú kàn án rí.

Àárọ̀ Sátidé, òwú ti wà lórí okùn:
aró, osùn, ewé, ọsàn tó pọ́n jù,
àti àwọ̀ kan tí màmá ní kò lórúkọ,
"ti ìgbà tí òjò dá, tí oòrùn ò tíì pinnu."
Òfì rẹ̀ dúró gbọingbọin lára ògiri,
ó ń gbá òwú: gbà, gbà, gbà,
ilé kejì ń dá a lóhùn, ilé kẹta ò bá wọn mu,
ó ń yára bí ọmọdé tí ń sáré tẹ̀lé àgbà.
Mo ní, "Màmá, ohùn ìgbì omi nìyẹn."
Ó ní, "Ohùn owó ilé-ìwé ni."

Ó gbé ìgò náà sókè sí oòrùn.
"Kò mà ní àwọ̀."
Mo ní, níbi tó bá ti pọ̀ ló ti ń ní àwọ̀.
"Bí ènìyàn náà nìyẹn."
Ó fi ìdérí tọ́ ọ wò, ó dákẹ́ pẹ́.
"Ta ló bu iyọ̀ sí i?"
Mi ò mọ èsì.
Àdúgbò tò: àwọn ọmọdé tọ́ ọ, wọ́n tu ú dànù,
katikíìsì ní ó jọ òógùn oko.
Ìyá Bọ́dúndé ò tọ́ ọ wò.
Ọmọ rẹ̀ gba ojú omi lọ, kò tíì kọ lẹ́tà.
Ó fi ìka kan ìgò náà lára,
ó wọlé.

Lálẹ́, àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì
gbé fèrè gun àpáta
tí àwọn bàbá wọn sá gùn nígbà ogun Núpé.
Kọ̀nẹ́ẹ̀tì kan lu, ìda oyin ni wọ́n fi dí i,
orin ìsìn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ijó ló di;
àtùpà ń jó lọ, ó ń jó bọ̀,
òkè kejì ń kọ ọ́ padà, ó fi díẹ̀ pẹ́.
Mo wá ilẹ̀kùn Ìyá Bọ́dúndé lójú.
Ó ṣí sílẹ̀ díẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, màmá dá ìgò mi padà.
Ó ti kún. Omi abẹ́ àpáta ni, ó tutù títí di Ìkàrẹ́.
"Kí òun náà tọ́ wa wò," ó ní.

Àfẹ̀mọ́jú Ọjọ́ Ajé, mo dúró létí omi,
mo da ìgò náà sí i, mo tẹríba díẹ̀, mo ní,
"Òkun o."
Kò dáhùn.
Ó ń bá ọkọ̀ ẹnìkan fà á lọ́wọ́.